BÍ ORÍKÈÉ BÁ Ń DUN ỌMỌDÉ, Ẹ WO ỌKÀN RẸ̀

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀, kì í ṣe ti àwọn agbowó-orí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ìbò. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Ọ̀fun tó ń dun ọmọ, tí a fojú kéré, lè ba ọkàn ọmọ náà jẹ́, kí a má sì mọ̀ títí yóò fi di ìyá ọmọ. Ohun tó lè dènà rẹ̀ kò ju oògùn pẹnisílìnì lọ, tí a bá tètè lò ó, tí a sì lò ó pé. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kan ẹgbẹ́, kì í ṣe ìyá ọmọ nìkan, ó sì yẹ kí á yí nǹkan mélòó kan padà nínú ọjà wa nítorí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ, torí orúkọ yìí gan-an ló ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Bí nọ́ọ̀sì bá sọ fún ìyá ọmọ pé rúmátíìkì ló ń ṣe ọmọ rẹ̀, ohun tí etí ń gbọ́ ni làkúrègbé. Làkúrègbé kẹ̀? Ṣebí àrùn àgbàlagbà ni, àrùn ẹni tó ti fi orí ru igbá fún ogójì ọdún, tí orúnkún ń dùn bí òjò bá ṣú. Ìyá ọmọ á yà lẹ́bàá ọ̀nà, á ra Aboniki tàbí Robb, á fi pa orúnkún ọmọ, á ní ọmọ náà ń dàgbà ni, tàbí pé bọ́ọ̀lù ló ń gbá jù. Ẹlòmíràn á ní ọmọ ti tẹ oògùn mọ́lẹ̀. Rárá o. Èyí kì í ṣe làkúrègbé tí àwa mọ̀. Ibà kan ni, ibà tó ń tẹ̀lé ọ̀fun dídùn. Oríkèé ló máa ń yọ lẹ́nu lójú wa, ṣùgbọ́n ọkàn ló ń bà jẹ́ lábẹ́lẹ̀.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Kòkòrò kan wà tó máa ń wọ ọ̀nà ọ̀fun, pàápàá ti ọmọ ọdún 5 sí 15. Strep ni àwọn dókítà ń pè é. Inú ikọ́ àti itọ́ ló ti ń ràn, ibi tí ọmọ mẹ́fà méje bá sì ti ń sùn nínú yàrá kan ló fẹ́ràn jù. Ara ọmọ ní àwọn ọlọ́dẹ tirẹ̀ tó ń lé kòkòrò jáde. Ṣùgbọ́n kòkòrò yìí ní ibi tó fi jọ ẹran ara ọkàn ènìyàn. Ó wá dà bí ọlọ́dẹ ọjà tó ń lé olè lóru, tó dé ibi ìsọ̀ kan, tó bá onísọ̀ tó wọ irú aṣọ tí olè wọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Olè ti lọ, onísọ̀ ló gbọgbẹ́. Bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 lẹ́yìn tí ọ̀fun ti jinná ni èyí sábà máa ń ṣẹlẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìyá kì í fi so ọ̀fun mọ́ orúnkún.

Ọkàn wa ní yàrá 4 àti ilẹ̀kùn 4. Àwọn dókítà ń pe ilẹ̀kùn yìí ní fáàfù, bíi ti táyà ọkọ̀. Iṣẹ́ wọn ni kí ẹ̀jẹ̀ máa lọ síwájú, kó má padà sẹ́yìn. Bí àwọn ọlọ́dẹ ara bá lu ilẹ̀kùn yìí lẹ́ẹ̀kan, ó lè sàn. Bí ọ̀fun bá tún dùn lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, tí a kò tọ́jú rẹ̀, egbò á gun orí egbò. Ilẹ̀kùn á le gbagidi, kò ní ṣí dáadáa mọ́, tàbí kó ká kò, kó má lè tì, kí ẹ̀jẹ̀ máa dà padà sẹ́yìn. Ilẹ̀kùn tó wà lápá òsì, láàrin yàrá òkè àti yàrá ìsàlẹ̀, ni ó sábà máa ń mú jù. Ọkàn á wá máa ṣe àṣekúdórógbó, bí alábàárù tó ń ti ọmọlanke nínú ẹrẹ̀, títí á fi rẹ̀ ẹ́.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀fun dídùn ló burú o, a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa sáré kiri. Èyí tó pọ̀ jù, òtútù lásán ni, tí imú ń dà, tí ikọ́ wà níbẹ̀, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀. Èyí tó yẹ kó kọ wá lóminú ni ti ọmọ tí kò wúkọ́, tí imú rẹ̀ kò dà, ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ gbóná, tí kò lè gbé itọ́ mì, tí kókó wú lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ pọ́n tàbí tó ní funfun funfun. Ẹ gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìlera. Àwọn kan ń pè é ní bèlúbèlú, wọ́n á ní kí wọ́n gé e. Gígé yẹn kò pa kòkòrò, ó sì lè da ẹ̀jẹ̀ tí kò ní tètè dá.

Bí ọ̀fun bá ti wá kọjá, tí orúnkún ọmọ wá wú, tó ń gbóná, tí kò jẹ́ ká fọwọ́ kàn án, tó di ọjọ́ kejì ọjọ́ kẹta tó kúrò níbẹ̀ tó bọ́ sí ọrùn ẹsẹ̀, tó tún gba ìgbọ̀nwọ́ lọ, ẹ má jẹ́ ká wá orúkọ míràn fún un. Ti ọmọ míì, ọwọ́ àti ojú rẹ̀ ni á máa já fìrì fìrì láìfẹ́, tíṣà á ní ó ń ṣe yẹ̀yẹ́, ìwé kíkọ rẹ̀ á bà jẹ́. Òun náà nìyẹn. Àwọn míì wà tí ẹnikẹ́ni kò rántí pé oríkèé dùn wọ́n rí, ọkàn ni a kọ́kọ́ ń rí.

Ẹ jẹ́ ká sọ èyí tí ojú wa rí, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọmọ ọ̀kan nínú àwọn aláta wa ni. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí oríkèé bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Wọ́n gbé e lọ gbé e bọ̀, wọ́n fi àgbo wẹ̀ ẹ́, ó sàn, gbogbo ènìyàn gbàgbé. Ó kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, ó ṣe fúrídọ́ọ̀mù, ó relé ọkọ. Nígbà tí oyún àkọ́kọ́ pé oṣù 6, kò lè rìn láti ẹnu ọ̀nà ọjà dé ìsọ̀ ìyá rẹ̀ láìdúró mí. Kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, ìjókòó ló ń sùn, tó ń wúkọ́ lóru. Wọ́n ní oyún ló wúwo. Wọ́n ní bóyá ìbejì ni. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọkàn rẹ̀, ilẹ̀kùn tí a ń sọ yìí ti le bí awọ gbígbẹ. Dókítà bi ìyá rẹ̀ pé, nígbà tó wà ní kékeré, ǹjẹ́ oríkèé dùn ún rí? Ó bí ọmọ náà láàyè. Ní ọjọ́ kẹta, òun fúnra rẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún 24 ni. Ẹyìn ìyá àgbà ni ọmọ tó bí wà báyìí, nídìí ata.

Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ inú ara aboyún máa ń pọ̀ sí i, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Ọkàn tó ní ilẹ̀kùn tó dáa á gbà á. Èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ṣí dáadáa, ẹ̀jẹ̀ á há sí ẹ̀yìn, omi á máa kún inú ẹ̀dọ̀fóró. Bí ẹsẹ̀ aboyún bá wú díẹ̀, ìyẹn kì í ṣe tuntun. Ṣùgbọ́n aboyún tí kò lè sùn lélẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ ń sáré kìkì, tó ń wúkọ́ lóru, kí wọ́n má fi sílẹ̀ di ọ̀la.

Ẹ má rò pé tiwa nìkan ni. Láàrin ọdún 2010 sí 2012, àwọn dókítà kọ orúkọ ènìyàn 3,343 tó ní àrùn yìí sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè 12 nílẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà wà nínú wọn, pẹ̀lú Íńdíà àti Yẹ́mẹ̀n. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Bongani Mayosi, ọmọ South Africa, wà lára àwọn tó ṣáájú iṣẹ́ náà. Nínú ènìyàn 3 tí wọ́n rí, 2 jẹ́ obìnrin. Ìdajì wọn kò ju ọdún 28 lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa tẹ̀lé wọn fún ọdún 2, bí 17 nínú 100 ti kú. Ọdún 28 kẹ̀! Ọjọ́ orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìsọ̀ nìyẹn, tí ọmọ kékeré ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní Kano, ìwádìí kan tó jáde ní 2007 sọ pé nínú ènìyàn 1,312 tí wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọkàn wọn, 129 ló ní in, obìnrin ló sì pọ̀ jù níbẹ̀ náà.

Ẹnìkan á ní Kano jìnnà. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wálé. Ní Abẹ́òkúta níbí, láàrin 2009 sí 2010, àwọn dókítà kọ ti ènìyàn 452 tí ọkàn wọn kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ tí wọ́n gbé wá. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa bí 78 nínú 100. Ti ilẹ̀kùn ọkàn yìí kò ju 2 àti díẹ̀ nínú 100 lọ. A kò ní fi èyí pa mọ́ fún yín. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ọ̀tá ńlá ní agbègbè wa, ẹ má sì dẹ́kun lílọ wọn tiyín. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru, àgbàlagbà ló sábà ń mú. Èyí tí a ń wí yìí, ọmọ iléèwé ló ń mú, ọlọ́mọge ló sì ń pa. Ó sì jẹ́ èyí tí kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ rárá, torí oògùn rẹ̀ ti wà láti ìgbà àwọn ìyá wa, kò sì wọ́n. Àwọn òyìnbó náà ní in rí. Ní Amẹ́ríkà láàrin 1920 sí 1930, ó wà lára ohun tó ń pa ọmọ wọn jù. Ilé gbígbé tí kò fún mọ́ àti pẹnisílìnì ló lé e lọ lọ́dọ̀ wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ọjà wa gan-an la dé yìí. Ọmọ ní ọ̀fun ń dun òun, ìyá ń tajà, kò ráyè. Ẹni tó ń gbé oògùn sórí ọpọ́n kiri á kọjá, á di kápúsù pupa-àti-yẹ́lò méjì àti parasítámọ̀ méjì sínú ọ̀rá. Ọmọ á lò ó, ibà á lọ, ìyá á ní ó ti dáa. Kò tíì dáa. Bó bá jẹ́ pẹnisílìnì oníhóró, ọjọ́ 10 gbáko ni wọ́n ń lò ó kí kòkòrò yìí tó kú. Ẹni tó ra kápúsù méjì, ó ra ìdákẹ́ ni, kò ra ìwòsàn. Bí ìyá bá mọ̀ pé ọjọ́ 10 kò ní ṣe é ṣe fún òun, kó sọ fún nọ́ọ̀sì, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo wà tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tí pẹnisílìnì ń bá ara rẹ̀ jà, kó sọ ọ́ kí wọ́n tó gún un. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbà kí ọmọ tó ń ta oògùn ní kẹ́mísì gún ọmọ òun.

Àwa ará ẹnubodè tún ní ti wa lọ́tọ̀. Ọ̀nà tí ìrẹsì àti aṣọ ń gbà wọlé, oògùn tí a kò mọ ilé rẹ̀ náà ń gbà á. Ẹ rántí bí olóògbé Dora Akunyili ṣe gbógun ti ayédèrú oògùn nígbà tó wà ní NAFDAC. Ní ọdún 2017, ìjọba Benin náà kó ayédèrú oògùn kúrò ní Adjégounlè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Dantokpa ní Kútọnu tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ná. Wọn ò lè kó o tán.

A mọ ohun tí àwọn àgbà kan máa wí. Wọ́n á ní orógbó àti oyin ni ìyá àwọn fi wo ọ̀fun àwọn, àwọn sì wà láàyè. A kò bú àgbo, a kò sì bú àgbà. Oyin á tu ọ̀fun lára. Ṣùgbọ́n ẹni tó kù ló ń ròyìn. Àwọn ọmọ tí ó ń rẹ̀ láìnídìí láyé ìjọ́hun, tí kò lè bá ẹgbẹ́ sáré, tí wọ́n ní àbíkú ló ń yọ wọ́n lẹ́nu, ta ló wo ọkàn wọn?

Ọmọ tí ibà yìí ti mú lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 ni wọ́n á máa gún un ní pẹnisílìnì tó ń pẹ́ lára, kí kòkòrò náà má bàa tún rí ibi wọ̀. Kì í ṣe fún oṣù kan o. Ọ̀pọ̀ wọn á gbà á dé ọmọ ọdún 21 ó kéré tán, ẹlòmíràn á ju bẹ́ẹ̀ lọ. Abẹ́rẹ́ náà ń dun ọmọ, ó ń sunkún, ara rẹ̀ sì ti yá, kí ló dé tí a tún ń gún un? Nítorí pé abẹ́rẹ́ yẹn ni ògiri tó wà láàrin ọmọ àti iṣẹ́ abẹ ọkàn.

Iṣẹ́ abẹ yẹn, wọ́n ti ń ṣe é ní Nàìjíríà láti ọdún 1974, Enugu ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe owó tí àjọ ọ̀sẹ̀ lè dá. Bí wọ́n bá sì fi ilẹ̀kùn onírin sí i, ẹni náà á máa lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì títí ọjọ́ ayé rẹ̀, wọ́n á máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lóòrèkóòrè, oògùn náà sì lè ṣe ọlẹ̀ inú aboyún níbi. Èwo ló rọrùn nínú méjèèjì?

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni a fẹ́ kí gbogbo ẹ̀ka lọ jíròrò kí ìpàdé gbogbogbòò tó dé.

Ìkíní, kí a mú òfin ìtanràn kúrò lọ́rùn ìyá tó bá gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́. Òfin wa ní kí ẹni tí kò bá wá sí ìmọ́tótó ọjọ́bọ̀ san owó. Bí ọjọ́ abẹ́rẹ́ bá bọ́ sí ọjọ́bọ̀ ńkọ́? Kí ó fi káàdì ọmọ han olórí ẹ̀ka, kó tán síbẹ̀. Kí aládùúgbò rẹ̀ bá a ṣọ́ ọjà títí á fi dé. Ìyá tó ń rò pé òun á san ìtanràn, tí òun á tún pàdánù títà, òun ni ìyá tó máa ní kí ó di oṣù tó ń bọ̀.

Ìkejì, kí a má gba oníkápúsù orí ọpọ́n láàyè láàrin ìsọ̀ wa mọ́. A mọ̀ pé àwọn kan nínú wọn jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, wọ́n ní ọmọ láti bọ́. A kò ní kí wọ́n wá jókòó lásán. Kí ẹgbẹ́ yá wọn lówó láti inú àpò àjẹmọ́nú kí wọ́n fi ta nǹkan míràn. Ọ̀rọ̀ yìí máa dá ariwo sílẹ̀, a mọ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a sọ ọ́.

Ìkẹta, kí a ránṣẹ́ sí àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìlera alábọ́dé wa ní Ìlaròó àti Ayétòrò, kí wọ́n wá bá wa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìpàdé, kí wọ́n fi hàn wá bí a ṣe ń yẹ ọ̀fun ọmọ wò. Àwọn tíṣà náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ.

Ìkẹrin, ọ̀rọ̀ ìdójútòfò ìlera. Láti 2022 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti sọ pé kí gbogbo ènìyàn wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ béèrè ní ìpínlẹ̀ bí a ṣe lè wọlé pọ̀, ju kí a máa gbé igbá ọrẹ kiri ọjà nígbà tí àìsàn bá dé.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kò ṣe é ṣe, kó gbọ́ ti ilẹ̀ Cuba. Ní agbègbè kan tí wọ́n ń pè ní Pinar del Río, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1986, wọ́n kọ́ ìyá, wọ́n kọ́ tíṣà, wọ́n kọ orúkọ gbogbo ọmọ tí ibà yìí ti mú sílẹ̀, wọ́n sì ń tẹ̀lé wọn kí abẹ́rẹ́ má fò. Nígbà tó fi di 1996, àrùn ọkàn yìí ti dín kù gidigidi láàrin ọmọ iléèwé wọn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018 ni gbogbo orílẹ̀-èdè, níbi ìpàdé àjọ ìlera àgbáyé ní Geneva, fẹnu kò pé àwọn á gbógun tì í. Ẹnu tí wọ́n fi kò ní Geneva kò lè dé ibi ìsọ̀ ata láìjẹ́ pé àwa náà gbé e dé ibẹ̀.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, torí bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Káàdì mélòó ló wà ní ẹ̀ka yín báyìí? Kí olórí ẹ̀ka kọ ọ́ sílẹ̀, kó mú un wá sí ìpàdé.

A ò ní fi ọwọ́ wa sin ọmọ o. Ire o.

Akọ̀wé ẹgbẹ́, fún ìgbìmọ̀